Ẹ mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kẹ́ ẹ tó mú bíìṣì ní Mauritius

Àwa ará Ìlọrin ò mọ òkun, ẹ jẹ́ ká má tanra wa jẹ. Odò Asà la mọ̀, ẹni tó bá rìn díẹ̀ á ní òun ti dé ìtàkìtì omi Òwu, ó parí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tówó bá wọlé tá a ní ká lọ sinmi ní erékùṣù, fọ́tò la máa ń wò, èyí tí omi ẹ̀ bá bùlúù jù la ó mú. Bí èmi àtọkọ mi náà ṣe ṣe nìyẹn. Oṣù Júláì la lọ, mo ti ra aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ ní Ọjà Ọba, a wá gba òtẹ́ẹ̀lì sọ́wọ́ ìlà oòrùn, lẹ́bàá Belle Mare. Ibẹ̀ rẹwà o, iyanrìn ẹ̀ funfun bí iyọ̀, àmọ́ atẹ́gùn! Híjáàbù mi ń fò bí àsíá, iyanrìn ń ta wá lójúgun bíi pé ẹnì kan ń fi ìgbálẹ̀ nà wá, suwẹ́tà kan ṣoṣo tí mo gbé torí òtútù inú bààlúù la jọ ń pín wọ̀, tí mo bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀ òun á gbà á lálẹ́. Ọjọ́ kẹrin ni awakọ̀ kan tó gbé wa wá fẹ̀rín pa ara ẹ̀, ó ní ṣé a ò mọ̀ pé ìgbà òtútù làwọn wà ni, ó ní ká lọ sí Flic en Flac lódì kejì. A débẹ̀, ó lé ní wákàtí kan lọ́nà, omi dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́. Ọjọ́ kan náà o, erékùṣù kan náà.

Torí náà oṣù lẹ ó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe fọ́tò. Ìsàlẹ̀ ayé ni Mauritius wà, inú òkun India, ìgbà òjò tiwa níbí, láti bíi Júùnù dé Sẹ̀tẹ́ńbà, ni òtútù tiwọn. Òtútù yẹn ò le o, ọ̀sán máa ń tó bíi 24 lórí díńgbóná-díntutù, àmọ́ atẹ́gùn gúúsù ìlà oòrùn ló máa ń le jù lásìkò yẹn, gbogbo etí òkun tó bá kọjú sí ìlà oòrùn àti gúúsù ló máa ń gbà á sára. Àwọn òkè tó wà láàárín ìlú ló ń dáàbò bo ọwọ́ ìwọ̀ oòrùn. Tó bá wá di Dìsẹ́ńbà sí Mááṣì tí ọyẹ́ ń jà wá nílé, òoru àti òjò ló wà lọ́dọ̀ wọn, ìjì líle tí wọ́n ń pè ní sàíkílóònù náà lè wá, pàápàá Jánúárì sí Mááṣì, ìgbà yẹn atẹ́gùn ìlà oòrùn tó lé wa kúrò ní Belle Mare á wá di ohun téèyàn ń wá kiri. Tẹ́ ẹ bá bi mí, Oṣù Kẹwàá àti Ìkọkànlá, tàbí Épírì sí Mèé, ni kẹ́ ẹ lọ, ibi tó bá wù yín lẹ lè mú.

Ohun kejì ni iyùn. Bẹ́ẹ̀ ni, mọ̀lẹ́bí iyùn tí wọ́n ń so mọ́rùn ìyàwó yẹn náà, òun ló hù lábẹ́ òkun tó fi di bí ògiri tó yí ìlú yẹn po, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán. Ìgbì òkun á fọ́ sára ògiri yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, omi tó kù láàárín ẹ̀ àti iyanrìn á wá dà bí ọ̀sà, kò jìn, kò sì fà. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ yí i sí sátẹ́láìtì, ẹ wá ìlà funfun tó wà nínú omi, ìgbì ló ń fọ́ níbẹ̀ yẹn. Tí ìlà yẹn bá jìnnà sí iyanrìn, ẹ lè gbọ́kàn lé e dé ìwọ̀n àyè kan. Tó bá sún mọ́ iyanrìn pẹ́kípẹ́kí tàbí tí ò sí rárá, bíi Gris Gris ní gúúsù, ẹ máa wò ó ni, ẹ ya fọ́tò, ẹ má wọ̀ ọ́. Òkun ibẹ̀ máa ń bú ramúramù, kò mọ̀ pé ẹ ti Kwara wá.

Àwọn tó ní ọmọ kéékèèké, Trou aux Biches lápá àríwá, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mont Choisy wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó gùn, igi whistling pine pọ̀ níbẹ̀ tó ń ṣíji boni. Grand Baie jẹ́ ìlú fàájì, ọkọ̀ ojú omi kún ibẹ̀, òwò àti ìgbádùn ló dùn fún ju ìlúwẹ̀ẹ́ lọ. Le Morne ní ìsàlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún, ibẹ̀ làwọn tó ń so káìtì mọ́ra sáré lórí omi máa ń wà, omi ibẹ̀ máa ń fà láwọn ibì kan, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Àmọ́ òkè tó wà níbẹ̀ tó nǹkan: 556 mítà ni, orí ẹ̀ làwọn ẹrú tó sá mọ́ ọ̀gá wọn lọ́wọ́ máa ń lọ fara pa mọ́ sí, UNESCO sì fi sára àwọn ohun ìní aráyé lọ́dún 2008. Èmi ò lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, mo kàn jókòó mò ń wo òkè yẹn.

Ẹ̀yin tó ń kírun, ìwọ̀ oòrùn ló dáa fún yín, torí oòrùn ń wọ̀ lójú yín korokoro, ní Júláì aago mẹ́fà kì í lù kó tó wọ̀, ẹ ó kàn tẹ́ àdúrà-ẹní yín sórí iyanrìn. Àmọ́ ẹ má kọjú síbi tẹ́ ẹ máa ń kọjú sí nílé o! Ìlọrin, ọwọ́ ìlà oòrùn ni tiwa, àmọ́ níbẹ̀ àríwá ni, kẹ́ ẹ yà díẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Ọkọ mi ti ń nàró kírun lódìlódì fún ọjọ́ méjì ká tó mọ̀. Aṣọ híjáàbù nínú omi ò sì jẹ́ tuntun sí wọn, nínú èèyàn 100 bíi 17 ni Mùsùlùmí níbẹ̀.

Má jẹ́ kí òtẹ́ẹ̀lì kankan dẹ́rù bà yín pé ti àwọn nìkan ni etí òkun, iyanrìn tí omi ń tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, àga àti agboorun ni tiwọn. Ẹ ra bàtà rọ́bà wọ̀ wọnú omi, ohun kan wà nísàlẹ̀ tó ní ẹ̀gún bí òòrẹ̀, dúdú, kò tóbi ju ọsàn lọ. Èmi tẹ̀ ẹ́ ní Flic en Flac, ọkọ mi fi ìṣẹ́jú ogójì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí mi lẹ́sẹ̀ tó ń fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún.

Blue Bay ẹ fi í sí ọjọ́ ìkẹyìn, kò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ní ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ẹ ó máa wo ẹja àti iyùn láìtutù. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹ tètè dé, torí àwọn ará ìlú máa ń kó ìkòkò, ẹní àti ìlù wá sétí omi lọ́jọ́ yẹn.