Ajá Tuntun Tí Kò Yé Lá Ara Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Oko ní Àgbádárìgì

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ajá. Bóyá aládùúgbò tó ń kó lọ ló fi í sílẹ̀ fún yín, bóyá ọjà lẹ ti rà á, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀lé ọmọ yín wálé láti etí òkun. Lọ́jọ́ kẹta ẹ rí i pé kò sùn. Ó ń lá ẹsẹ̀, ó ń bu ìdí jẹ, irun rẹ̀ ń re. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré ṣe ni kí a wá nǹkan pa á lára. Ẹ dúró ná. Ibi tí ajá ń lá gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ohun tó ń jẹ ẹ́ ní ìdí ìrù kì í sábà jẹ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀, oògùn wọn kò sì jọra.

Àárọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, níta, kí ẹni kan máa fọwọ́ pa á lórí, kí ẹnì kejì máa wo ara. Bí ẹ kò bá tíì mọ ìwà rẹ̀, ẹ fi aṣọ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì tètè tú u, nítorí ẹnu ni ajá fi ń mí ooru jáde.

Bí ó bá jẹ́ ìdí ìrù, ẹ̀yìn àti itan

Yọ̀rọ̀ ni kí ẹ fura sí. Ọ̀pọ̀ ń kó o pọ̀ mọ́ eégbọn, ṣùgbọ́n eégbọn ni èyí tó lẹ̀ mọ́ etí tó ń wú bí ẹ̀wà. Yọ̀rọ̀ kéré, ó pọ́n ṣú, ó sì ti fò lọ kí ọwọ́ yín tó dé ibẹ̀. Ẹ lè má rí òun fúnra rẹ̀ rárá. Ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ ó rí nídìí irun, bí ẹtù ìbọn. Ẹ mú ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ tí a fi ń yọ iná orí ọmọ, kí ẹ yà á sórí ìwé funfun tí ẹ ti fi omi rẹ díẹ̀. Bí èérún náà bá yọ́ tó sì pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ajá yín tí yọ̀rọ̀ mu ló fi yàgbẹ́ yẹn. Bí ó bá dúró ní dúdú, iyẹ̀pẹ̀ ni.

Ibi tí a ti máa ń ṣìṣe ni pé a ó wẹ ajá, a ó gbàgbé ilé. Èyí tó wà lára ajá kéré púpọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀. Ẹyin rẹ̀ ń já bọ́ sórí ẹní, sínú ihò sìmẹ́ńtì, sínú yanrìn abẹ́ àga. Nígbà tí ọmọ inú ẹyin náà bá ti dàgbà, tó wé ara rẹ̀ mọ́ inú àpò kékeré, ó lè dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ títí tí yóò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti ìrìn àjò dé fi ń bá a nínú ilé tí kò sẹ́nì kan níbẹ̀, tó ń fò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi omi gbígbóná fọ àpò tàbí aṣọ tí ajá ń sùn lé ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sá a sí oòrùn. Ẹ gbálẹ̀ dé abẹ́ gbogbo nǹkan, kí ẹ sì sun ohun tí ẹ gbá. Gbogbo ajá àti ológbò inú agbolé ni kí ẹ tọ́jú lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi oògùn ajá sí ológbò lára. Permethrin, èròjà apakòkòrò tó wà nínú àwọn kan, ń pa ológbò. Ẹ tẹ̀ síwájú fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kódà bí ajá ti dákẹ́. Oníṣègùn ẹran ní oògùn oníhóró tí à ń fún ajá lóṣooṣù, àti èyí tó ń tó bí oṣù mẹ́ta. Ìwọ̀n ara ajá ló ń sọ iye rẹ̀. Ẹ bi í nípa oògùn aràn pẹ̀lú, torí yọ̀rọ̀ tí ajá bá gbé mì lè fún un ní aràn pẹlẹbẹ.

Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀

Àwa tí à ń gbé orí yanrìn gbọ́dọ̀ ro jìgá. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Erekiti, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì wa níbí, fi hàn pé ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹranko tó ń gbé jìgá kiri jù lọ. Ajá náà ń kó o. Abo rẹ̀ ló ń wọ inú awọ. Kò ju mìlímítà kan lọ nígbà tó ń wọlé, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á ti wú tó hóró ẹ̀wà. Ẹ ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ ajá sọ́tọ̀, kí ẹ wo àárín wọn àti ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun róbótó funfun tó ní ojú dúdú kan láàárín ni ẹ ń wá, ó máa ń jọ ojú ẹja sísè. Ìdí kòkòrò náà ni ojú dúdú yẹn. Ibẹ̀ ló ti ń da ẹyin sílẹ̀ sínú yanrìn.

Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, tí ajá sì dúró jẹ́ẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ tuntun tí ẹ ti fi sípíríìtì nù la ojú náà fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí kòkòrò lè jáde lódidi. Bí ó bá já sínú, egbò ni yóò dà. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sọ abẹ́rẹ́ náà nù. Pínnì kan náà tí gbogbo ilé fi ń yọ jìgá ń gbé àìsàn láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ẹ kan pákó gíga fún ajá láti máa sùn lé, kí ẹ sé ẹlẹ́dẹ̀ mọ́, kí ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà.

Ajá tó bá wẹ òkun, ẹ fi omi tútù ṣan án, kí ẹ nu àárín ìka rẹ̀ gbẹ, pàápàá lásìkò òjò. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pọ́n, tí kò sí jìgá tàbí yọ̀rọ̀, oúnjẹ lè wà lára ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ẹ ó fi dán an wò: irú ẹran tàbí ẹja kan tí kò jẹ rí pẹ̀lú ìrẹsì, láìsí egungun, láìsí àlùbọ́sà, torí májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá. Ẹ kìlọ̀ fún màmá àgbà tó máa ń ju ègé ẹran sí i. Níbẹ̀ ni ìdánwò sábà máa ń bàjẹ́.

Àwọn ibi yòókù

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ etí àti ìgúnpá, tí awọ ibẹ̀ sì di èépá, ó lè jẹ́ èkúrú. Irú rẹ̀ kan máa ń ran ènìyàn, ara á máa yún yín níbi tí ẹ ti gbé e mọ́ra. Oníṣègùn yóò ha awọ, yóò wò ó nínú ẹ̀rọ. Ẹ má bu ivermectin, oògùn aràn àti kòkòrò ara màlúù, fún un. Ó le jù fún ajá. Bí ó bá ń wọ́ ìdí nílẹ̀, àpò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀ lè ti kún. Bí ó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lára ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń lá nígbà tó bá dá wà, ẹ tú u lókùn, kí ẹ mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ilé àjòjì ń ṣe é. Igbe tí ẹ ń ké mọ́ ọn kò ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ pa á lára

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àlòkù, kẹrosíìnì, Otapiapia. Ohunkóhun tí ẹ bá pa á lára, inú rẹ̀ ló ń lọ, ṣebí lílá náà ni ẹ̀ ń bá jà. Èmi alára ṣe é rí. Mo bu ìpakòkòrò ṣáláńgá sómi ìwẹ̀ Bingo, ajá mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, abẹ́ inú rẹ̀ ti bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Bí ẹnìkan bá ti fi Otapiapia pa tiyín, tó ń da itọ́ tó sì ń gbọ̀n, ẹ wọ ọ̀rá sọ́wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Parasitamọ́ọ̀ àti ibuprofen ènìyàn kì í ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ awọ. Bí ajá tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀ bá ń ya ojú àpá àtijọ́ kan jẹ, tí ìwà rẹ̀ yí padà, tí ohùn rẹ̀ ha, tí kò lè gbé itọ́ mì, dìgbòlugi lè ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹ pe oníṣègùn ẹran. Ẹni tó bá bù jẹ, tàbí tó lá lójú egbò, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ajá tó ti pé oṣù mẹ́ta ti tó abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí ẹni tó fún yín kò bá ní káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ kà á sí pé kò gbà á.

Nígbà tí egbò bá ń jiná, ẹ gé ìdí ike kọ́sítáàdì ńlá, kí ẹ fi aṣọ wé etí tó mú, kí ẹ so ó mọ́ okùn ọrùn rẹ̀, kí ẹnu ike ré kọjá imú díẹ̀. Kí ó ṣì lè mumi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Bingo fi wọ tirẹ̀, ó ń fi ike náà kọlu ilẹ̀kùn ní gbogbo òru.