Bí Mo Ṣe Pa Táápẹ́ẹ̀tì Pickup Mi Lẹ́nu Mọ́

Pickup Amẹ́ríkà àtijọ́ tí mo fi ń kó gààrì láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣágámù ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún tá-tá-tá láàárọ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń lu agolo. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n mọ ibi tó ti ń dún ná.”

Mo fi ẹnu sukudiráífà gígùn ti táápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, mo gbé etí lé èèkù rẹ̀. Apá ọ̀tún dákẹ́. Lápá òsì lẹ́yìn, ṣe ló ń gbá mi létí! Ọ́ìlì ló máa ń kún inú lifter ọkọ̀ yìí, ìyẹn táápẹ́ẹ̀tì, irin kéékèèké tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, kí àlàfo má baà sí láàárín irin àti irin. Gééjì tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn dára, nítorí náà kì í ṣe pọ́ǹpù.

Mo pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Èyí tó jáde dúdú bí ọ̀dà. Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, kò lọ. Ni mo bá tú manifold, irin tó ń pín afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, mo yọ àwọn lifter, mo kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ihò tó ti jáde ló gbọ́dọ̀ padà sí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n: ọ̀kan rì wọlé wẹ́rẹ́, nígbà tó yẹ kó le. Mo tú u, ìdọ̀tí ti há sábẹ́ bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo rì í sínú ọ́ìlì tuntun, mo ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le.

Nígbà tí mo ṣáná sí i, ó ṣì dún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àyà mi já. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́ lójijì.