Ìkòkò Kan, Ara Méjì: Oúnjẹ àti Àníyàn Lára Ọkùnrin àti Obìnrin

Tọkọtaya lè jọ máa ro oko kan, kí wọ́n jọ máa jẹ nínú ìkòkò kan, síbẹ̀ kí oúnjẹ náà máa ṣiṣẹ́ ọ̀tọ̀ lára oníkálukú.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹran. Bàálé ló sábà máa ń gba èyí tó tóbi jù. Bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù. Èròjà iron tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, mílígíráàmù 18 ló ń fẹ́ lójúmọ́. 8 tó ọkùnrin, aboyún ń fẹ́ 27. Bí obìnrin kò bá rí i tó, á máa rẹ̀ ẹ́, òyì á máa kọ́ ọ, á máa kanra lórí ohun tí kò tó nǹkan, àwọn ará ilé á sì ní ìwà rẹ̀ ti yí padà. Ebi ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe ìwà. Ẹ bu ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ fún un dáadáa. Kó fi ọsàn tẹ̀ lé e, kí ara lè gba iron inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ náà. Tíì ń dí i lọ́wọ́. Kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kó tó mu ún.

Bí owó ilé-ìwé bá délẹ̀ tí òjò sì kọ̀ tí kò rọ̀, cortisol, èròjà kan tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà àníyàn, á pọ̀ nínú ara, ẹ̀dọ̀ á máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àníyàn bá pẹ́, ọ̀rá á máa kóra jọ síkùn. Ọkùnrin ló tètè máa ń bá. Ti obìnrin ń lọ sí ìdí àti itan, àfi bí nǹkan oṣù bá ti dúró. Ọ̀rá ikùn yìí ló ń fa àtọ̀gbẹ ju ti ìdí àti itan lọ. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn ikùn yí ká láàárín ìpẹ̀kun egungun ìhà àti orí egungun ìbàdí. Ẹ mí jáde, ẹ má fa ikùn wọlé. Bó bá ju ínǹṣì 37 lọ fún ọkùnrin, tàbí 31 àbọ̀ fún obìnrin tí kò lóyún, ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un, kí ẹ sì lọ yẹ ṣúgà wò.

Nínú àníyàn, ọ̀pọ̀ obìnrin a máa wá nǹkan dídùn jẹ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin a dákẹ́, wọn a yà sídìí paraga. Ọtí ń ba oorun jẹ́, ìwọ̀n kan náà sì máa ń tètè mú kí ọtí pa obìnrin, torí omi inú ara rẹ̀ kò tó tọkùnrin. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá obìnrin ju ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń gbẹ̀mí ara rẹ̀ jù. Bí bàálé bá dákẹ́ lódìlódì, tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má dá a dá a. Ẹ bá a lọ sílé ìwòsàn.