Kẹ́ ẹ tó pe ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ní jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kó jẹun tán ná o, torí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ la fẹ́ sọ. Tá a bá ti rí ẹ̀jẹ̀ lára tíṣù, jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó di ọjà Takie, àgbo jẹ̀dí dà, a mu ún, ẹ̀jẹ̀ dá, a ní ó ti ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí máa ń ṣẹ̀jẹ̀, àmọ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà ń ṣẹ̀jẹ̀, tiẹ̀ sì máa ń lọ máa ń bọ̀, kó dá lónìí ò ní kó má padà wá.

Torí náà, ẹ máa wo ìgbẹ́ yín kẹ́ ẹ tó da omi sí i. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí bẹ́ ẹ ṣe ń yàgbẹ́ tẹ́lẹ̀ yí padà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ń ṣe yín bíi pé ìgbẹ́ ò tán nínú, tẹ́ ẹ ń rù láìgbààwẹ̀, tàbí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà ní LAUTECH Teaching Hospital tàbí Bowen. Ó lè fìka yẹ ìdí yín wò, ojú á ti àwọn bàbá míì, àmọ́ kì í pẹ́ rárá.

Ẹni tó bá ti pé 45 ò gbọ́dọ̀ dúró de àmì kankan. Tẹ́ẹ̀sì FIT wà, ẹ máa bu ìgbẹ́ díẹ̀ sínú ike, lábù á wá ẹ̀jẹ̀ tójú ò lè rí níbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Tó bá gbé nǹkan jáde, colonoscopy ló kàn, kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba ìdí kì wọlé, wọ́n ń ṣe é ní UCH Ìbàdàn, ẹ ó kọ́kọ́ lo oògùn tó máa fọ inú yín mọ́ tónítóní (òun gan-an ló ń ni èèyàn lára). Ibẹ̀ ni àǹfààní wà: kókó kéékèèké ló sábà máa ń kọ́kọ́ hù nínú ìfun, ó lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó di jẹjẹrẹ, dókítà sì lè gé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan nínú ìfun, ó di ọdún mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó tún ṣe é.

Ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè o, torí "inú rírun ló pa á" yẹn ti bo nǹkan púpọ̀ mọ́lẹ̀. Tí jẹjẹrẹ ìfun bá ṣe ìyá, bàbá tàbí ọmọ ìyá yín rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní 40, tàbí kó ku ọdún mẹ́wàá kẹ́ ẹ dé ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára ẹni yẹn, èyí tó bá kọ́kọ́ dé: tí wọ́n bá rí i lára ìyá ní 46, kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ní 36.

Oúnjẹ ńkọ́? Àmàlà, ewédú, ẹ̀wà, kò sí ìjà. Àsun pẹ̀lú bíà lálaalẹ́ àti sìgá ni kẹ́ ẹ dín kù, sọ́séèjì náà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 2015.