Bí o ṣe lè gba owó Rotary lọ ka másítà lókè òkun

Owó tí Rotary, ẹgbẹ́ aláàánú tó wà kárí ayé, fi ń rán èèyàn lọ sí yunifásítì òkèèrè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dá lọ béèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ń báni béèrè, ẹgbẹ́ méjì pàápàá: ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè tí o fẹ́ lọ kàwé. Global Grant ni wọ́n ń pe owó náà, àpò Rotary Foundation, àjọ tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ Rotary, ló sì ti ń wá. Ọdún 1947 ni Foundation yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sókè òkun. Àwọn 18 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Ètò ìnáwó Global Grant kò gbọ́dọ̀ dín ní 30,000 dọ́là. Ẹ̀kọ́ tó ju dìgírí àkọ́kọ́ lọ nìkan ló wà fún, láti ọdún ẹ̀kọ́ kan dé mẹ́rin. Bó bá jẹ́ 12,000 dọ́là péré ló ń dí ọ lọ́wọ́, má bu irọ́ mọ́ ọn kó lè tó. District Grant ni kí o béèrè. Owó ibẹ̀ kéré, àmọ́ District, ìyẹn àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ Rotary ní agbègbè kan, fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tó máa fún, títí kan ẹni tó ṣì ń ka dìgírí àkọ́kọ́. Bí ẹ̀kọ́ rẹ bá sì tó 55,000 dọ́là, tó ju ohun tí wọ́n lè fún ọ lọ, sọ ibi tí ìyókù yóò ti wá. Owó ilé ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, oúnjẹ, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, físà, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwé kíkà ló lè wọ inú ètò ìnáwó yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo inú ẹbí. Ọmọ ẹgbẹ́ Rotary kò lè gba owó yìí, ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò lè gbà á, àwọn òbí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà kò lè gbà á. Kéèyàn sáré fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò tún un ṣe, torí oṣù 36 gbọ́dọ̀ kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò kò sí nínú òfin náà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa tí gbogbo àgbà ti ń jẹ́ dádì àti mọ́mì, sọ bí ẹ ṣe tan gan-an látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnu má baà kùn ọ́ lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ohun tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́. Ọ̀nà méje ni owó náà wà fún: àlàáfíà àti dídènà ìjà, ìdènà àti ìtọ́jú àrùn, omi àti ìmọ́tótó, ìlera ìyá àti ọmọ, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ àti mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé àdúgbò, àti ìtọ́jú àyíká, tí wọ́n fi kún un ní 2021. Másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ epo rọ̀bì kò ní bá a mu, bó ti wù kí o mọ̀wé tó. MBA lásán náà kò rọrùn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé síwájú ara wọn wò: iṣẹ́ tí o ti ṣe, kọ́ọ̀sì tí o fẹ́ kà, àti iṣẹ́ tí o máa ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yà kúrò lọ́nà, ìwé náà bàjẹ́ nìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì lo máa fi kọ àlàyé rẹ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá yẹ méjì wò. Àkọ́kọ́ nìyí: “Mo fẹ́ kọ́ nípa omi kí n lè ran àwọn èèyàn mi lọ́wọ́.” Ta ni kò lè kọ ìyẹn? Èkejì: “Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ìjọba ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí kànga ẹlẹ́rọ. Nínú 14 tí a gbẹ́, mẹ́fà ti dákẹ́ kí ọdún méjì tó pé, torí kò sẹ́ni tó ń dá owó àtúnṣe. Ní IHE Delft, ilẹ̀ Netherlands, mo máa kọ́ bí a ṣe ń bójú tó omi abẹ́ ilẹ̀. Bí mo bá dé, iléeṣẹ́ omi ìgbèríko ti ìpínlẹ̀ wa ni mo ń padà sí.” Èkejì yìí ní iye, ó jẹ́wọ́ ohun tó bàjẹ́, ó sì dárúkọ ibi iṣẹ́. Iye tìrẹ ni kí o fi sí i o. Wọ́n máa bi ọ́ léèrè kànga mẹ́fà yẹn níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwó ńlá lè sọ pé kò sówó. Ìdí rẹ̀ ni pé owó tí wọ́n dá fún Annual Fund, àpò ìdáwó ọdọọdún ti Foundation, kì í padà sọ́dọ̀ District lójú ẹsẹ̀. Ó di lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kí apá kan rẹ̀ tó padà fún District láti ná; DDF (District Designated Funds) ni wọ́n ń pè é. Inú DDF kan náà ni wọ́n ti ń bù gbẹ́ kànga, tí wọ́n ti ń bù ra ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn. Láti 2021, Foundation ń fi 80 sẹ́ǹtì kún dọ́là DDF kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kí 30,000 dọ́là tó pé, District méjèèjì gbọ́dọ̀ kó nǹkan bí 16,700 jọ. Bí District tiwa bá ti ná tirẹ̀ tán, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè mú un jáde, àfi kí ọdún tuntun wọlé.

Ọjọ́ kìíní Oṣù Keje sì ni ọdún Rotary ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà ni àwọn aṣáájú ń yí padà. Fún ẹ̀kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹwàá, ìwé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ Foundation kí 30 Oṣù Kẹfà tó kọjá, gbèdéke ti District sì máa ń ṣáájú ìyẹn dáadáa. Oṣù Keje tàbí Oṣù Kẹjọ ọdún tó ṣáájú ló yẹ kí o ti lọ kí ẹgbẹ́. Ààrẹ tó gbà ọ́ lálejò á ti gbé ipò sílẹ̀ kí owó tó jáde, nítorí náà wá ojú rere ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Béèrè transcript, ìwé àkójọ èsì ìdánwò rẹ, lọ́wọ́ yunifásítì rẹ lọ́sẹ̀ náà gan-an, torí ìyẹn nìkan lè jẹ oṣù mẹ́ta.

Ojú ìwé rotary.org ní Club Finder tó máa fi ẹgbẹ́ tó sún mọ́ ọ hàn, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi ìpàdé. Kí o tó lọ, ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà bíi mẹ́ta. Ibẹ̀ lo ti máa mọ ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Foundation àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Kọ̀wé sí akọ̀wé ṣáájú, kó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ dákun, ẹ ràn mí lọ́wọ́”. Sọ orúkọ kọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́, iye owó, àti èwo nínú ọ̀nà méje yẹn. Bí wọ́n bá gbà, àwọn ló yẹ kó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó wà lókè òkun níbi tí o fẹ́ lọ kàwé. Lẹ́tà àjèjì kì í tètè rí èsì.

Bí wọ́n bá ti fi orúkọ rẹ sínú ìwé ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ímeèlì á wọlé fún ọ láti kọ apá tìrẹ. Wo inú spam. Lẹ́tà ìgbaniwọlé kò gbọ́dọ̀ ní àdéhùn kankan nínú, àfi ti ẹ̀rí owó.

Owó ìdákọ́wọ́ (deposit) ló kù, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe. Ọ̀pọ̀ yunifásítì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí o sanwó díẹ̀ kí wọ́n tó fún ọ ní CAS, ẹ̀rí ìgbaniwọlé tí a fi ń béèrè físà akẹ́kọ̀ọ́; láìsí CAS kò sì sí físà. Ṣùgbọ́n Foundation kì í dá owó tí a ti ná kó tó fọwọ́ sí i padà. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, fi bẹ ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n sún un síwájú. Bí wọ́n bá kọ̀, san án látinú àpò rẹ, kí o má sì kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó. Ẹni tó ń lọ láti Nàìjíríà nílò ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ pẹ̀lú, oṣù mẹ́fà ló sì ń lò. Má ṣe é ní àṣeyájú.

Kò sí owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní kí o fi 20,000 náírà ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó lè “ti ìwé rẹ lẹ́yìn”, olè ni.

Ẹni tó bá jẹ́ àlàáfíà ni iṣẹ́ rẹ̀ lè wo Rotary Peace Fellowship, owó ẹ̀kọ́ mìíràn tí Rotary ń fúnni, tí gbèdéke rẹ̀ máa ń jẹ́ 15 Oṣù Karùn-ún. Ti másítà fẹ́ ìrírí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, ti ìwé ẹ̀rí fẹ́ márùn-ún. Ọ̀kan nínú ilé ẹ̀kọ́ ti ìwé ẹ̀rí ni Yunifásítì Makerere ní Kampala, ilẹ̀ Uganda; ìyẹn kò jìnnà sí wa tó Uppsala ní Sweden, ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń ka ti másítà.

Bí o bá gúnlẹ̀, olùdámọ̀ràn kan látinú ẹgbẹ́ ọ̀hún ló máa gbà ọ́. Pe ẹgbẹ́ ilé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, fi àwòrán kan àti ìlà mẹ́rin ránṣẹ́ fún ìwé ìròyìn wọn, kí o sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì; oṣù 12 kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jábọ̀ fún Foundation.