Bí wọ́n bá kọ físà tí ẹ fẹ́ fi lọ bá ọkọ tàbí aya yín

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, bí Ìlú Ọba bá kọ físà yín, ẹ má sáré san owó mìíràn. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ ni kí ẹ jókòó tì, kí ẹ fàlà sábẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣì yín dá, ọjọ́ 28 lẹ ní láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ ìwé ló kù, ẹ wá a ná. Owó oṣù ọkọ tàbí aya yín tó wà ní Ìlú Ọba, tó wà lórí ìwé ibi iṣẹ́, gbọ́dọ̀ bá èyí tó wọ báńkì mu, kọ́bọ̀ ò gbọdọ̀ yẹ̀. Fọ́tò ọjọ́ ìdána nìkan ò tó láti fi hàn pé tọkọtaya ni yín lóòótọ́ o. Ẹ kó ọ̀rọ̀ WhatsApp yín náà jọ. Ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í kọjá oṣù 6. Ẹ má sì fi pamọ́ láé pé wọ́n ti kọ̀ yín rí: irọ́ yẹn lè mú kí wọ́n má fún yín ní físà fún ọdún 10.