Fídíò kúkúrú ṣáájú àyẹ̀wò autism
Kí ọjọ́ àyẹ̀wò autism (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà, tí ó ń kan ìbánisọ̀rọ̀ àti ìṣe ọmọ) tí ẹ fẹ́ ṣe fún ọmọ yín tó pé, ẹ fi fóònù ká fídíò 3 tàbí 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ: níbi tí ó ti ń dá ṣeré, níbi tí ẹ ti pe orúkọ rẹ̀ tí kò bojú wẹ̀yìn, níbi tí ó ti ń to ọmọrí ìgò ní ìlà kan ṣoṣo. Àkókò díẹ̀ ni olùyẹ̀wò yóò fi rí i, nínú yàrá àjèjì tí ìṣe ọmọ ti lè yí padà pátápátá. Ẹ kọ oṣù tí ó kọ́kọ́ nàka sí nǹkan sílẹ̀ pẹ̀lú. Òun gan-an ni òbí máa ń gbàgbé. Fídíò kò lè rọ́pò àyẹ̀wò, kò sì lè sọ bóyá ọmọ ń gbọ́ràn dáadáa, nítorí náà ẹ má fo àyẹ̀wò etí.